Ta ni yóò gbé e gun òkè? Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin alágbàtà òdòdó orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbangba ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé, nítorí pé ẹni tó ń gbé fóònù lọ́fíìsì yín kò lágbára lórí ohun tí mo fẹ́ sọ. Òṣìṣẹ́ ni, ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ló ń kà sí wa létí. Ẹ̀yin tí ẹ ni ìkànnì, tí ẹ ń gba owó òdòdó lọ́wọ́ wa kí ẹ tó gbé iṣẹ́ náà fún ọlọ́dòdó mìíràn, ni mò ń bá wí.

Kí ẹnikẹ́ni lọ sórí Google, kí ó tẹ orúkọ ìlú kékeré kan tó wà lára òkè, kí ó fi "òdòdó" kún un. Kí ó tó rí orúkọ ọlọ́dòdó kan ṣoṣo tó ń gbé ìlú náà, yóò ti kan tiyín lókè pátápátá. "À ń gbé òdòdó tútù dé gbogbo ilé nílùú yìí lónìí." Ẹ kọ orúkọ ìlú gàdàgbà, ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù tó jọ ti àdúgbò sí abẹ́ rẹ̀. Kí èèyàn wá ṣí ojú ewé ìlú tó wà lórí òkè kejì: ọ̀rọ̀ kan náà ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ ìlú nìkan ni ẹ yí padà. Fọ́tò ṣọ́ọ̀bù kan náà ni pẹ̀lú. Mo tilẹ̀ ti rí ojú ewé tí wọ́n ṣe fún ìlú tí kò ní ọlọ́dòdó kankan, síbẹ̀ ẹ ní ẹ máa gbé e dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí n tó sanwó, ẹ sọ ẹni tí yóò di òdòdó náà fún mi, ẹ sì sọ ẹni tí yóò gbé e gun òkè. Ìyẹn ni. Àwọn ẹ̀dùn ọkàn yòókù tó wà nínú lẹ́tà yìí, orí àìsọ náà ni gbogbo wọn ti hù.

N kò sọ pé kí alágbàtà má jẹun o. Iṣẹ́ yín ní orírun, orírun náà sì dáa. Ní 1908, ọlọ́dòdó kan ní ìlú Berlin tó ń jẹ́ Max Hübner kó àwọn ọlọ́dòdó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ lórí èrò kan: dípò kí òdòdó máa rọ sínú ọkọ̀ ojú irin, ìsọfúnni ni kó máa rìn. Ọlọ́dòdó ìlú tí oníbàárà wà yóò gba owó, yóò ránṣẹ́ sí ọlọ́dòdó ìlú kejì, ẹni yẹn ni yóò sì gé òdòdó tútù níbi tó wà. Ní 1910, àwọn ọlọ́dòdó Amẹ́ríkà dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tẹligíráàmù ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ní 1946, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ilẹ̀ Yúróòpù yòókù wá pawọ́ pọ̀ lábẹ́ orúkọ Interflora. Ọgbọ́n gidi ni. Òdòdó jẹ́ ohun ẹlẹgẹ́, ọ̀rọ̀ kì í rọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan níbẹ̀. Ẹni tó gba owó nígbà náà, ọlọ́dòdó ni òun náà. Garawa omi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní òdòdó tí wọ́n ń pè ní peony lòun fẹ́ lásìkò tí peony kì í sí, ojú ẹsẹ̀ ni yóò sọ fún un pé kò sí, yóò sì fi ohun tó wà hàn án. Bí iṣẹ́ bá sì bàjẹ́, oníbàárà mọ ilẹ̀kùn tí òun máa kàn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní garawa, ẹ kò sì ní ọ̀bẹ. Ìkànnì ni ẹ ní, pẹ̀lú owó ìpolówó tí ẹ ń san kí orúkọ yín lè máa ṣíwájú ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Èyí tí ọjà fi wọ́n kọ́ ló dùn mí jù, bí kò ṣe èyí tí ìdì òdòdó fi kéré. Láyé àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ pàápàá, ẹni tó gba iṣẹ́ sábà máa ń mú nǹkan bí 20 nínú 100, ẹgbẹ́ á mú díẹ̀ tirẹ̀, ìyókù á sì lọ sọ́wọ́ ẹni tó di òdòdó. Ẹ̀yin tún fi "owó iṣẹ́" lé ti oníbàárà kí ẹ tó yọ ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Inú ohun tó ṣẹ́kù ni ọlọ́dòdó orí òkè yóò ti ra òdòdó, ewé, ọ̀rá àti rìbọ́ọ̀nù, ibẹ̀ náà ni yóò ti ra epo tó máa gbé ọkọ̀ gòkè. Ká má parọ́, kí ni ẹ rò pé yóò ṣe? Yóò dín igi òdòdó kù ni, tàbí kó kọ iṣẹ́ náà.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìdì funfun tó kún ni mo rí nínú fọ́tò, lílì àti róòsì, òun ni mo sì san owó rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé lórí òkè. Òun fúnra rẹ̀ ló fi fọ́tò ohun tó dé ránṣẹ́ sí mi láti fi dúpẹ́, kò mọ ohun tí mo san. Chrysanthemum ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, carnation díẹ̀, àti ewé tó pọ̀ ju òdòdó lọ. Ẹ̀yìn káàdì ni mo ti rí òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó dì í, mo sì pè wọ́n. Obìnrin tó gbé fóònù kò bá mi jà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi fún yín." Ó kà á: ìdì funfun, òní ni. Kò sí lílì nínú rẹ̀, kò sí fọ́tò. Ó ka iye tí wọ́n fún un, mo sì dákẹ́. Ó wá fi kún un pé, "Ká ní ẹ̀yin lẹ pè mí, ǹ bá ti sọ fún yín pé ọ̀la ni ọkọ̀ ń gbé ọjà tuntun wá, lílì máa wà nínú rẹ̀."

Ẹ gbọ́ ọ bí? Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín mi àti ohun tí mo fẹ́, n kò sì kánjú. Kò sí ẹni tó bi mí ni. Obìnrin yẹn ni oníbàárà mìíràn ì bá bú, torí orúkọ rẹ̀ ló wà lára káàdì. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òdòdó fúnra rẹ̀ díẹ̀, nítorí mo fura pé fọ́tò nìkan ni ẹ mọ̀ ọ́n mọ́. Púpọ̀ nínú róòsì tí ayé ń rà, orí òkè gíga ni wọ́n ti ń gbìn ín: Ecuador àti Colombia, níbi tí ọ̀pọ̀ oko róòsì ti ga ju mítà 2,500 lọ sí ìpele òkun, àti agbègbè adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà. Oòrùn ibẹ̀ mú, òru rẹ̀ tutù. Òtútù òru náà kì í jẹ́ kí ìrudi òdòdó yára ṣí, ìyẹn ló jẹ́ kí orí rẹ̀ tóbi tí ọ̀pá rẹ̀ sì gùn. Wọ́n á gé e kó tó ṣí, wọ́n á gbé e sínú yàrá òtútù, yóò wọ bàálù, apá kan yóò gba ọjà gbàǹjo ńlá Aalsmeer ní Netherlands kọjá. Òdòdó tí wọ́n bí lórí òkè, tó fò kọjá òkun láìfarapa, òkè kékeré kan ló wá ń dá a lóró ní wákàtí tó kẹ́yìn. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn, nígbà tí kì í bá ṣe owó mi.

Ohun tó ń gbé òdòdó dé láàyè nínú gbogbo ìrìn yẹn ni òtútù. Róòsì, carnation àti tulip fẹ́ràn nǹkan bíi dígírì 0 sí 2 Celsius. Bí ooru bá ń pọ̀, òdòdó á máa mí kíákíá, á máa jẹ ṣúgà tó wà nínú ara rẹ̀ tán, á sì gbó ṣáájú ọjọ́. Àwọn kan wà tí òtútù náà ń pa o. Anthurium àti heliconia, ọmọ ilẹ̀ olóoru ni wọ́n. Bí ẹ bá gbé wọn sí yàrá róòsì, dúdú ni wọ́n máa dú. Ọlọ́dòdó tó dáńgájíá mọ èyí tó yẹ kó wọ fìríìjì àti èyí tó yẹ kó dúró níta. Ìkànnì yín kò mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn ni ẹ tò sójú kan, tí bọ́tìnnì "rà á báyìí" wà lábẹ́ wọn.

Nílùú ńlá, ọlọ́dòdó lè sáré lọ sọ́jà láàárọ̀. Ní ìlú kékeré orí òkè, ọ̀pọ̀ wọn ń dúró de ọkọ̀ olùtajà ńlá tó ń gòkè wá ní ọjọ́ díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ra òdòdó kí ọkọ̀ yẹn tó gbéra, wọ́n lè bá a kọ ohun tó fẹ́ sínú ìwé ọjà. Ẹni tó bá rà á lówùúrọ̀ tó sì fẹ́ kó dé lọ́sàn-án, ohun tó wà nínú garawa ni yóò jẹ́ tirẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ohun tó wà nínú garawa! Lọ́pọ̀ ìgbà òun ló tutù jù, òun sì ni ọwọ́ ọlọ́dòdó mọ̀ jù. Ohun tó burú ni kí ẹ fi fọ́tò peony gba owó mi, kí ẹ sì wá kọ ọ́ ní lẹ́tà wínníwínní nísàlẹ̀ pé a lè fi òmíràn tí iye rẹ̀ bá a dọ́gba rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ bá máa rọ́pò, ẹ bi wá: kí ni ẹ fẹ́ ká dì mú, àwọ̀ ni, irú òdòdó ni, tàbí bí ìdì ṣe tóbi tó? Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lè fẹ́ kó funfun, kò sí ohun tó kàn án bóyá lílì ni tàbí chrysanthemum. Ẹni tó ń fẹ́ obìnrin lè fẹ́ róòsì dandan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, ó sì máa gba ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Tó bá tún jẹ́ tèmi ni, àṣàyàn tí mo máa gbé síwájú pátápátá fún ìlú orí òkè ni "kí ẹni tó ń dì í yan èyí tó dáa jù lónìí". Ẹ wò ó lórí ìkànnì yín, ìsàlẹ̀ ni ẹ tì í sí, bí ó bá tilẹ̀ wà.

Ó wá ku òkè náà. Ẹni tí kò gbé ìdì òdòdó gun ọ̀nà olókè rí lè rò pé ìrìn kúkúrú ni. Lórí máàpù, ó kúrú lóòótọ́. Ọlọ́dòdó tó mọ iṣẹ́ yóò tún ìdí ọ̀pá òdòdó gé ní dídàgẹ̀rẹ̀, yóò já gbogbo ewé tó lè wọ omi, yóò so ìdì náà le, yóò wá fi ọ̀rá líle wé ìdí rẹ̀, yóò bu omi sínú ọ̀rá náà, yóò so ó pinpin. Páálí ni yóò gbé e sí, yóò fi bébà há a lọ́tùn-ún lósì kó má bàa mì. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọkọ̀ ló ń gbé e sí, ní ẹ̀yìn àga iwájú, kì í ṣe orí àga. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ọkọ̀ bá yí kọ́nà tó mú, ohun tó wà lórí àga ti bọ́ sílẹ̀, omi ti dà, orí hydrangea méjì ti ṣẹ́. Ó mọ̀ pé kí lílì má tíì ṣí nígbà tó ń lọ, kó ṣí nílé ẹni tó gbà á. Èyí tó bá ti ṣí, yóò ti fi ọwọ́ yọ lẹ́búlẹ́bú àárín rẹ̀ kúrò, torí àbàwọ́n rẹ̀ kì í tètè kúrò lára aṣọ.

Bí ó bá jẹ́ alùpùpù ni, atẹ́gùn ni ọ̀tá. Òdòdó tí kò sí nínú páálí onídèérí, atẹ́gùn á fa omi ara rẹ̀ gbẹ kó tó dé kọ́nà kẹta. Bí ó bá jẹ́ mọ́tò, ẹ má gbé e sínú bùútù pẹ̀lú èso tó ti pọ́n. Ápù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n ń tú gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní ethylene jáde, ó wà nínú èéfín mọ́tò náà. Carnation tó bá fa gáàsì yìí símú á ká orí rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó sùn, kò sì ní jí mọ́. Orchid á máa wọ́ òdòdó sílẹ̀. Ẹni tí ẹ gbé iṣẹ́ fún, tó ń gbé páálí òdòdó pẹ̀lú ẹrù ọjà ẹlòmíràn, ṣé ẹ ti sọ èyí fún un rí? Ẹ̀yin alára ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?

Kí òkè má bàa rò pé mo ń bú òun: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sábà máa ń tutù ju ti àfonífojì, nǹkan bíi dígírì 6.5 ló máa ń dín kù fún gbogbo mítà 1,000 tí a bá gùn. Òdòdó tó bá dé láàyè lè pẹ́ nílé orí òkè. Ọ̀rọ̀ kó tó dé ni.

Àdírẹ́sì ńkọ́? Fọ́ọ̀mù yín ń bèèrè òpópónà, nọ́ńbà ilé àti kóòdù àdúgbò. Ní ìlú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyẹn lè tó. Lórí òkè, ilé méjì lè sún mọ́ra gan-an lórí máàpù kí ọ̀kan wà lábẹ́ títì, kí èkejì wà lókè níbi tí mọ́tò kì í dé, àtẹ̀gùn nìkan ló lọ síbẹ̀. Máàpù máa ń gbé awakọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ògiri ga tí kò sí ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ nílùú náà ti mọ̀ pé lójúlé yẹn, ìsàlẹ̀ lèèyàn ń páàkì sí kó tó fẹsẹ̀ gòkè. Ẹ fi àyè kan péré kún fọ́ọ̀mù: "Ibo ni a ó ti wọlé, ṣé mọ́tò ń dé ẹnu ọ̀nà, ta ni ó lè bá wọn gbà á bí kò bá sí ẹnì kankan nílé?" Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì jù. Nílùú ńlá, bí kò bá sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn, awakọ̀ lè padà wá nírọ̀lẹ́. Lórí òkè, ìrìn kejì ti jẹ èrè iṣẹ́ náà tán. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, ẹ̀yin á sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ó ti dé. Ẹ̀rí ni lóòótọ́.

Ẹ tún gba nọ́ńbà fóònù ẹni tí òdòdó ń lọ bá. Mo mọ̀ pé ẹ ń bẹ̀rù pé ìyàlẹ́nu náà á bàjẹ́. Kò ní bàjẹ́. Ọlọ́dòdó tó gbọ́n á pè, á ní òun ní nǹkan tí òun fẹ́ gbé wá, ṣé ẹ máa wà nílé láàárín aago méjì sí mẹ́rin? Ó parí síbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ń bèèrè ìbéèrè, ẹ bi wá bóyá ológbò wà nínú ilé náà. Lílì kò yẹ kó wọ ilé ológbò rárá: ewé rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, àní omi inú fáàsì rẹ̀, lè ba kíndìnrín ológbò jẹ́ débi tó máa kú. N kò tíì rí ìkànnì yín kan tó bèèrè èyí kó tó gba owó.

Ìsìnkú ni mo fẹ́ kí ẹ fún ní ojú ewé tirẹ̀. Òdòdó ọjọ́ ìbí tó pẹ́ ọjọ́ kan, àwàdà lèèyàn máa fi ṣe. Òdòdó ìsìnkú tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti bo ilẹ̀ tán, owó tí ẹ dá padà kò tún un ṣe. Wọn kì í sin òkú lẹ́ẹ̀mejì. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílùú orí òkè, ẹ má gba owó kankan títí ọlọ́dòdó ibẹ̀ yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun á lè ṣe é, ní aago tí wọ́n dá. Bí ó bá ní òun kò lè ṣe é, ẹ sọ fún ìdílé náà lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè wá ọ̀nà mìíràn. Mo ti gbọ́ ti ìdílé tí wọ́n gba owó wọn tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa ṣe iṣẹ́. Ìyẹn kọjá àṣìṣe, òwò tí ẹ yàn ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni 14 oṣù Èrèlé, ọjọ́ àwọn olólùfẹ́, àti Ọjọ́ Ìyá. Nílùú ńlá ẹ lè gba awakọ̀ kún awakọ̀. Níbi tí ó ti jẹ́ pé ọlọ́dòdó kan, pẹ̀lú ọmọ tàbí àbúrò tó ń ràn án lọ́wọ́, ló ń dì í tó tún ń gbé e, iye ilé tó lè dé lọ́jọ́ kan ní ààlà. Ẹ fún un ní bọ́tìnnì tó máa fi ti ojú ewé ìlú rẹ̀ pa nígbà tí iṣẹ́ bá ti kún. Òun ló mọ̀, ẹ̀yin kò mọ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí ẹ kì í fẹ́ sọ fún wa, bóyá torí èrè rẹ̀ kéré. Òdòdó inú páálí, tí ilé ìfìwéránṣẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ akẹ́rù ń gbé. Wọ́n á dì í nígbà tí ìrudi rẹ̀ ṣì le, yóò dùbúlẹ̀ nínú páálí láìsí omi, ẹni tó gbà á ni yóò gé ìdí rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, tí yóò gbé e sínú omi mímọ́, tí yóò sì fún un ní wákàtí díẹ̀ kó mu omi yó. Kò ní ẹwà ojú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tó dé, ojú rẹ̀ lè rẹ̀wẹ̀sì. Àgbàlagbà tí ọwọ́ ń ro kò ní gbádùn iṣẹ́ náà, n kò sì ní fi ránṣẹ́ sí ilé ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n fún ìlú tí kò ní ọlọ́dòdó kankan, ó sàn ju kí ẹ sọ pé ẹ ní ẹnì kan níbẹ̀ nígbà tí ẹ kò ní. Kọ́nà ò lè dà á nù, páálí náà sì lè dúró de onílé láìbàjẹ́ títí ọ̀la.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ sọ pé bí ẹ bá kọ orúkọ ọlọ́dòdó síta, oníbàárà á fò yín dá, á pe ẹni yẹn tààrà. Àwọn kan á ṣe bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni. Èmi kò ní ṣe é nígbà gbogbo. Bí mo bá wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, tí káàdì báǹkì mi kò ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré yẹn, tí n kò gbọ́ èdè wọn, tí aago wọn àti tèmi kò bára mu, mo nílò yín. Màá san owó alágbàtà yẹn tẹ̀ríntẹ̀rín, bí mo bá rí i lójú ewé gbangba: èyí ni ti alágbàtà, èyí ni ti ọlọ́dòdó, èyí ni ti ìrìn òkè. Ẹni tó bá mọ iye tí ọlọ́dòdó ń gbà, kò ní retí ìdì tí apá owó náà kò ká.

Àwọn tó ń lo irú àwọn ìkànnì wọ̀nyí láti ra òdòdó, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o. Títí wọn yóò fi dá wa lóhùn, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ pè wọ́n kí ẹ bèèrè orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó máa ṣe iṣẹ́ náà àti ọjọ́ tí ọjà tuntun ń gòkè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ wo máàpù ìlú náà fúnra yín, ẹ wá ṣọ́ọ̀bù tó ní ilẹ̀kùn àti fọ́tò tí kì í ṣe ti gbogbo ayé. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ bi ilé ìtura tàbí ilé ìjọsìn tó wà nílùú náà pé ta ló ń bá wọn di òdòdó. Wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo ti fi ìlú orí òkè kan sínú fọ́ọ̀mù yín láàárọ̀ yìí, n kò tíì sanwó. Ojú ewé náà ṣì ṣí síwájú mi, ó ní òdòdó lè dé lónìí bí mo bá rà á kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ kò bá ní ẹnì kankan níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sójú ewé náà pé ẹ kò ní.

Èmi ni,
oníbàárà yín kan tó ṣì fẹ́ ra òdòdó